Ìbọn tí Bàbá Fi Sílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Mọ Irú Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Díye Lé E

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ọdẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbọn ṣakabùlà àtijọ́ kan máa ń wà lókè àjà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ Ògún, tí àwọn ọmọ olóògbé kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí ni ká kọ́kọ́ wádìí, nítorí pé ẹ̀tù tí bàbá ńlá ẹni kì ṣì lè bú bí iná bá ta sí i. Ẹ yẹra fún iwájú ẹnu ìbọn, ẹ ti ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀ títí yóò fi dúró, ẹ sàmì sí i níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, kí ẹ fà á yọ, kí ẹ sì tẹ́ ẹ lé irin ìbọn lóde. Bí orí ọ̀pá náà kò bá dé ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, ẹ kà á sí ìbọn tí ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e lọ sí ẹwìrì àgbẹ̀dẹ láéláé.

Òfin Ìbọn ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni tọ́jú ìbọn láìní ìwé àṣẹ, títí kan ṣakabùlà. Nítorí náà, kí ẹnìkan nínú ẹbí lọ ṣàlàyé fún àwọn ọlọ́pàá ṣáájú, láìgbé ìbọn náà dání.

Àmì ara irin ló ń sọ ibi tí ìbọn ti wá. Adé lórí ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn jẹ́ àmì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilé àyẹ̀wò ìbọn ti wà láti ọdún 1813. Lẹ́tà ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin wá láti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù, ọdún 1893 ni wọ́n sì fi adé kún un lókè. Ọdún yẹn gan-an ni ogun Kírìjì parí, nítorí náà bí ìtàn ilé yín bá sọ pé ìbọn tó ní adé yìí lọ sí Kírìjì, ẹ tún bi àwọn àgbà léèrè. Ọ̀rọ̀ TOWER, orúkọ ilé ìkóhun-ìjà ọba ní London, kò fi hàn pé ìbọn sójà ni, nítorí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sára ìbọn ọjà, èyí tí wọ́n ṣe fún títà, pẹ̀lú. Òkúta ìṣáná tó ń ta iná sí ẹ̀tù náà kò tó ẹ̀rí ọjọ́ orí, nítorí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ṣì ń rọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀.

Ó dùn mí nígbà tí mo rí ìbọn kan tí wọ́n fi sánpépà họ títí ó fi ń dán bí àdá tuntun. Apá lẹ́tà kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀. Aṣọ gbígbẹ àti òróró díẹ̀ tó.

Ìbọn ọjà lásán kì í wọ́n púpọ̀. Ohun tó ń gbé iye rẹ̀ ga ni àmì tó hàn ketekete, ẹ̀yà ara tí a kò pààrọ̀, àti ìtàn tó dájú. Ẹ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, ẹ kọ orúkọ àti oríkì ẹni tó ni ín sílẹ̀, kí ẹ tó gbé àwòrán àwọn àmì náà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Ọ̀yọ́. Títí dìgbà yẹn, ẹ má ṣe tà á fún aláàkíri tó bá kan ilẹ̀kùn yín.