Ìrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ìbéèrè lórí ríra leopard gecko

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé, ọmọ mi ò sì jẹ́ kí n sinmi lórí ọ̀rọ̀ leopard gecko, irú ọmọńlé kan tí àwọn èèyàn ń sìn nínú ilé. A rí ọ̀kan tó rẹwà ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ìrù rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn bàtà. Ẹni tó ń tà á ní yóò sanra tó bá délé wa. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Inú ìrù ni ẹranko yìí ń tọ́jú ọ̀rá sí. Ilẹ̀ gbígbẹ olókùúta ni orísun rẹ̀, ní Pákísítánì, Afgánísítánì àti àríwá-ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Tí oúnjẹ bá wọ́n níbẹ̀, ọ̀rá ìrù yẹn ló ń gbé e ró. Èyí tí ara rẹ̀ dá, ìdí ìrù rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọrùn rẹ̀. Tí ìrù bá ti joro, tí egungun ìbàdí sì yọ síta, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé àìsàn wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ aràn lásán. Ó sì lè jẹ́ cryptosporidium, kòkòrò àrùn inú ìfun tí kò tíì sí oògùn tó ń pa á tán, tó sì máa ń ràn gan-an. Nítorí náà, gbogbo èyí tí wọ́n bá jọ wà nínú àpótí kan náà ni kí ẹ fi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àánú rẹ̀ á ṣe yín, àmọ́ owó dókítà ẹranko lè ju owó tí ẹ fi rà á lọ fíìfíì.

Ìbéèrè: Òmíràn wà níbẹ̀ tí ìrù rẹ̀ kúrú, tó rí róbótó. Ṣé àìsàn náà nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ̀rù ló bà á nígbà kan tó fi já ìrù rẹ̀ sílẹ̀, tuntun ló hù yẹn. Ọ̀rá ń dúró nínú rẹ̀ dáadáa. Ẹ tiẹ̀ lè fi ná an kí wọ́n dín owó kù.

Ìbéèrè: Gbogbo ìgbà tí a bá lọ ló ń sùn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò ṣàìsàn?

Ìdáhùn: Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ọ̀sán ni oorun tirẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ó yẹ kó gbé ikùn sókè bó ṣe ń rìn. Èyí tó bá ń wọ́ ikùn nílẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, tí àgbọ̀n rẹ̀ sì rọ̀, kálísíọ́mù ò tó o lára.

Ẹ wo ojú. Kò dà bí ọmọńlé ara ògiri wa, èyí ní ìpéǹpéjú, ó sì ń ṣẹ́jú. Kí méjèèjì mọ́, kí wọ́n là dáadáa. Ẹ wo ìka ẹsẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: awọ àtijọ́ tí kò bọ́ tán máa ń fún ìka pọ̀ títí á fi gé. Ẹ wo ihò ìdí náà, kí ìgbẹ́ má gbẹ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ju ìrẹ̀ kan sí i. Èyí tí ara rẹ̀ dá á tẹjú mọ́ ọn, ṣóńṣó ìrù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lẹ́ẹ̀kan náà ló máa fò mọ́ ọn. Tí mo bá rí ìyẹn, ọkàn mi balẹ̀ ju ìlérí olùtà èyíkéyìí lọ.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Enigma dára jù, ó sì wọ́n.

Ìdáhùn: Ó wọ́n lóòótọ́, àmọ́ àrùn iṣan ọpọlọ wà nínú ìran rẹ̀: orí á wọ́, á máa pòòyì lójú kan, á ṣi oúnjẹ mú. Ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n ń pè ní Lemon Frost náà, kókó inú ara ló ń bá a jà. Ní 2021, àwọn onímọ̀ tọpa rẹ̀ dé ara àbùdá (gene) kan tí wọ́n ń pè ní SPINT1. Ẹ ra aláwọ̀ ìyeyè tó ní àmì dúdú káàkiri ara, tí gbogbo ayé mọ̀.

Ìbéèrè: Tí a bá gbé e délé tí kò jẹun ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ má máa gbé e káàkiri. Kí apá kan àpótí móoru tó 31 sí 33°C, kí ibi ìsápamọ́ ọ̀rinrin sì wà. Ẹ fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná máa wọ̀n ọ́n, kí ọmọ sì máa fọ ọwọ́ lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kàn án, nítorí kòkòrò àrùn salmonella. Tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ń já wálẹ̀, ẹ bu ìgbẹ́ rẹ̀ tó ṣì tutù sínú ike, kí ẹ gbé òun àti ike náà lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa ẹranko afàyàfà.