Lẹ́yìn Tí Wọ́n Já Báàgì Mi Gbà Nítòsí Ilé

Báàgì ọjà lásán ni báàgì náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló fún mi níṣẹ́ ṣe: fóònù, káàdì ATM, káàdì ìdìbò, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àjẹ, àti ìwé rìsíìtì tí àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Aṣọ ni mo ń tà níbẹ̀. Mo ti bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà létí títì, mo ń rìn wọ àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú. Àwọn méjì kan lórí máṣínnì kọjá lára mi, ẹni tó jókòó sẹ́yìn na ọwọ́, ó fà á. Báàgì lọ, okùn rẹ̀ kù sí mi léjìká. Mo di okùn yẹn mú bí ẹni tó ń dá màlúù dúró, màlúù sì ti lọ.

Mo kígbe olè, àwọn èèyàn tú jáde. Ìbéèrè ni wọ́n fi pàdé mi. "Kí lo gbé báàgì sí apá títì sí?" "Ṣé o ò gbọ́ ìró máṣínnì ni?" Mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìyá alákàrà tó wà ní ìta wa nìkan ló sọ ohun tó wúlò: "Aláṣọ, owó rẹ ń bẹ ní báǹkì àbí kò sí? Gba fóònù mi, yáa ti ibẹ̀ pa ná."

Màmá mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí olè bá yọ síìmù èèyàn, tó fi sínú fóònù mìíràn, gbogbo nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì bá fi ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ olè ló ń lọ, bí o tilẹ̀ fi àgádágodo mẹ́wàá ti ojú fóònù rẹ. Báǹkì ní kóòdù tí èèyàn lè tẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíì láti fi ti àkáǹtì pa. Ọmọ ìyá alákàrà ló bá mi wá kóòdù báǹkì mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ nọ́ńbà àkáǹtì mi lórí, torí ojoojúmọ́ ni mo ń kà á fún oníbàárà. Kí n tó mu omi rárá, àkáǹtì ti pa. Ọkọ mi dé, iléeṣẹ́ síìmù kan náà la jọ ń lò, a fi fóònù rẹ̀ pè wọ́n pé kí wọ́n dí nọ́ńbà mi. Wọ́n bi mí lórúkọ, ọjọ́ ìbí, àti àwọn tí mo máa ń pè jù. Lẹ́yìn ìyẹn lọkọ mi wá pe àwọn ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan pé bí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́ńbà mi tọrọ owó, kì í ṣe èmi o.

Ti kọ́kọ́rọ́ ló bà mí lẹ́rù jù, nígbà tí àdírẹ́sì wà lọ́wọ́ wọn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni ọkọ mi àti ọlọ́dẹ ọjà lọ fi àgádágodo míì kún ti ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ mọ́, wẹ́dà gé ti àtijọ́ dànù.

Àárọ̀ ni mo tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kí ẹnikẹ́ni má retí pé wọ́n á sáré tẹ̀lé olè tó ti sùn sílé rẹ̀, ìwé lèèyàn ń lọ gbà. Mo kọ sítétimẹ́ǹtì: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àkókò, àwọ̀ máṣínnì, gbogbo ohun tó wà nínú báàgì níkọ̀ọ̀kan. Ẹ má fo káàdì ìdìbò, torí ohun tí kò bá sí nínú police extract, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ọlọ́pàá ń fúnni, àtigbà á padà a máa le. Mo mú páálí fóònù dání, torí pé IMEI, nọ́ńbà oní-díjíìtì 15 tí wọ́n fi ń dá fóònù mọ̀, wà lára rẹ̀. Ẹni tí páálí tiẹ̀ ti sọnù lè tẹ *#06# nígbà tí fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ ọ́ síbì kan. Láti ibẹ̀ mo gba ilé ẹjọ́ lọ búra pé àwọn nǹkan náà kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n lu ìwé ìbúra lóǹtẹ̀.

Iléeṣẹ́ síìmù bèèrè NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, kí wọ́n tó fún mi ní nọ́ńbà mi padà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kí n tẹ *346# láti fi rí NIN mi, ṣùgbọ́n láìnì tí èèyàn fi forúkọ sílẹ̀ ni kóòdù yẹn ń bá ṣiṣẹ́, láìnì ọ̀hún gan-an lolè sì gbé lọ. Àdàkọ ìwé NIN tí mo fi sáàárín sátífíkéètì mi nílé ló yọ mí. Wọ́n tẹ ìka mi, síìmù tuntun jáde. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fi PIN sí síìmù fúnra rẹ̀, kí ó má lè ṣiṣẹ́ nínú fóònù míì láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀ ọ́n. Báǹkì fún mi ní káàdì tuntun, WhatsApp padà, ó parí.

Ìwé tán, àyà kò tán. Bí máṣínnì bá ti dún lẹ́yìn mi, gọ́tà ni mo ń wò. Mo tiẹ̀ fò sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, oníbúrẹ́dì ló ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀. Àwọn tó wá kí mi kú ewu, oníkálukú ló fẹ́ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá sì ti rò ó tán, alẹ́ ọjọ́ náà kò ní ṣeé sùn. Mo fi ẹjọ́ rírò lé ọkọ mi lọ́wọ́. Nínú ìtàn tirẹ̀, máṣínnì ti di méjì, ìbọn sì ti wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó máa rò ó lọ.

"Gbàgbé ẹ̀, ṣebí wọn ò pa ọ́." Mo dúpẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò mú oorun wá. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé fún mi pé ara ló ń ṣọ́nà bẹ́ẹ̀, pé ó máa ń rọlẹ̀, pé bí kò bá wá rọlẹ̀ kí n lọ rí dókítà. Ó ní n kò gbọdọ̀ pa ọ̀nà náà tì, torí bí mo bá ti ń yí i gba ibòmíì, ẹ̀rù á máa lágbára sí i. Mo kọ́kọ́ ń gbà á lọ́sàn-án pẹ̀lú ọmọ mi. Nígbà tó yá, èmi nìkan, lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, ọmọ ìyá alákàrà máa ń dúró dè mí létí títì nírọ̀lẹ́, màmá á sì ti di àkàrà dè wá.

Fóònù kò jáde. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù pe ìpàdé, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́dẹ máa tètè jáde dípò ọ̀gànjọ́ òru, wọ́n sì dá owó iná sólà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Bàbá kan ní òun kò ní san, pé kò sẹ́ni tó já báàgì òun gbà. Ẹjọ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀.