Ẹ yé yọ gbogbo ènìyàn bí ẹni yọ jìgá: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ impeach

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá lórí rédíò ń pọ̀ sí i, inú mi sì ń dùn sí i. Owó tí wọ́n ń fi ṣòfò ló ń bí mi nínú. Wọ́n á ra ìwé ọ̀rọ̀ òṣèlú tí ẹnì kan kó jọ sórí WhatsApp, wọ́n á tún sanwó kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá wá jókòó síwájú máíkì, ohun tí ìwé náà kọ́ wọn ni pé impeach ni "yọ nípò", ó parí. Kò parí o. Ọ̀rọ̀ yìí ti fa àríyànjiyàn nílé ọtí àti nínú ọkọ̀ èrò ju bó ti yẹ lọ, àwa tó ń ka ìròyìn la sì dá a sílẹ̀.

1. Ríronú pé bákan náà ni ọ̀rọ̀ náà rí ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀sùn ni. Bí èyí tó ju ìdajì nínú àwọn tó dìbò nílé aṣojú-ṣòfin bá fọwọ́ sí ẹ̀sùn náà, wọ́n ti impeach ààrẹ nìyẹn, ó sì wà lórí àga síbẹ̀. Ilé aṣòfin àgbà ló máa wá jókòó bí ilé ẹjọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà níjòókòó ló sì gbọ́dọ̀ dá a lẹ́bi kó tó lè kúrò. Andrew Johnson la ọ̀rọ̀ náà já ní 1868 pẹ̀lú ìbò kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ̀sùn kan Bill Clinton ní 1998, wọ́n fi kan Donald Trump ní 2019, wọ́n tún fi kàn án ní 2021. Kò sí èyí tí wọ́n dá lẹ́bi nínú wọn.

2. Pípe Richard Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, mọ́ wọn. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1974 kí ilé aṣojú-ṣòfin tó dìbò.

3. "Yọ bí ẹni yọ jìgá." Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi lórí èyí.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dìbò lórí Trump ní oṣù Kejìlá 2019, mo gbọ́ ọmọ kan tó ń ka ìròyìn òwúrọ̀ n'Íbàdàn. Ó fọkàn balẹ̀, ohùn rẹ̀ já gaara, ó ní wọ́n ti yọ Trump bí ẹni yọ jìgá. Nígbà tí wọ́n ṣí fóònù fún àwọn olùgbọ́, ìyá kan pè, ó ní ta ló wá gorí àga báyìí? Atọ́kùn ètò náà kò rí èsì fún un, ó gbé orin sí i. Ìyá yẹn kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ohun tí a sọ fún un ló gbọ́, ó sì ronú débi tó yẹ kí ẹni tó kọ ìròyìn náà ti kọ́kọ́ ronú dé.

Kódà ní Nàìjíríà níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń já sí yíyọ, mi ò fẹ́ gbọ́ jìgá yẹn mọ́. Ẹni tó bá sọ pé wọ́n yọ gómìnà bí jìgá ti dá ẹjọ́ mọ́ ìròyìn: ó ti pè é ní kòkòrò tó wọ ìlú lẹ́sẹ̀, ó tún ti sọ pé abẹ́rẹ́ lásán ló yọ ọ́. Òfin kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Abala 188 ìwé òfin 1999 ní kí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin buwọ́ lu ẹ̀sùn. Kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwádìí. Kí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ yan ènìyàn méje tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọba tàbí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí àwọn méje yìí bá ní ẹ̀sùn náà kò fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Bí ó bá fìdí múlẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta tún gbọ́dọ̀ gba àbọ̀ wọn wọlé kí gómìnà tó kúrò.

Ẹ wo ti Rashidi Ladoja, gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà. Ní oṣù Kínní 2006, aṣòfin 18 nínú 32 ní àwọn ti yọ ọ́. Ẹni tó bá lè ṣe ìṣirò mọ̀ pé 22 ló yẹ kí wọ́n pé, ó kéré tán. Igbákejì rẹ̀, Adebayo Alao-Akala, gorí àga. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wọ́gi lé ìyọnípò náà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ladoja padà sípò. Jìgá wo ló ń padà? Ní gbogbo oṣù tí ẹjọ́ náà fi wà nílẹ̀, "àwọn aṣòfin kan ní àwọn ti yọ gómìnà" ni ìròyìn tó tọ́. Gbólóhùn yẹn kò dùn létí tó jìgá, àmọ́ òótọ́ ni.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Àwọn ló ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n 1806 ni wọ́n ti lò ó kẹ́yìn, lórí Lord Melville, mínísítà wọn kan tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ìbò àìnígbàgbọ́, tí àwọn aṣòfin fi ń sọ pé àwọn kò fọkàn tán ìjọba mọ́, ló ń gbé ìjọba ṣubú níbẹ̀, irú èyí tó gbé ti James Callaghan lọ ní 1979. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé wọ́n impeach olórí ìjọba wọn.

Ní Gúúsù Kòríà, bí ilé aṣòfin bá ti dìbò, wọ́n dá ààrẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ló sì máa sọ bóyá ó lọ pátápátá. Roh Moo-hyun padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2004. Yoon Suk Yeol kò padà: wọ́n dìbò ní oṣù Kejìlá 2024, ilé ẹjọ́ yọ ọ́ ní oṣù Kẹrin 2025. "Dá dúró" lẹ ó kọ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó kọ "yọ".

Abẹnugan ilé: abala 92 ni ti ìpínlẹ̀, abala 50 ni ti ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, ìpinnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń yọ ọ́. Kò sí adájọ́ àgbà, kò sí ìgbìmọ̀ ẹni méje. Patricia Etteh, abẹnugan ilé aṣojú-ṣòfin nígbà kan, tí àwọn kan ṣì ń pè ní ẹni tí wọ́n impeach, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, ní oṣù Kẹwàá 2007.

Bí ẹ bá gbọ́ ọ nílé ẹjọ́ pé agbẹjọ́rò impeach ẹlẹ́rìí, kò sẹ́ni tí wọ́n yọ nípò o. Ó fi hàn pé ẹ̀rí ẹni náà kò ṣeé gbára lé ni.

Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ìwé orí WhatsApp yẹn, ẹ fi ra ìwé òfin Nàìjíríà. Ẹ ka abala 143 (ti ààrẹ) àti 188 (ti gómìnà), lẹ́yìn náà 146 àti 191. Ẹ ó rí i pé nínú 143 àti 188 tó la ìlànà sílẹ̀, ìyọkúrò nípò ni wọ́n ń pè é. Inú méjì tó kù, níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹni tó máa bọ́ sí àga tó ṣófo, ni impeachment ti yọjú. Bí ìròyìn bá sì dé sọ́wọ́ yín lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ wá ilé tó dìbò, iye tó dìbò, àti ibi tó kù kí ọ̀rọ̀ náà dé, kí ẹ tó mú "fẹ̀sùn ìyọnípò kàn", "dá dúró" tàbí "yọ nípò".