Bí mo ṣe fọ táńkì dísẹ́ẹ̀lì àlòkù kí n tó fi í sóko

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ tà á ni pé, kí ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ká ní pẹtiróòlù ni, tàbí oògùn apakòkòrò, mi ò bá tí dúró dúnàádúrà rárá. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì ni. Ọlọ́jà kì í sọ gbogbo ẹ̀, nítorí náà mo wo ara irin náà fúnra mi. Irin dúdú lásán ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi síńkì bò nínú. Dísẹ́ẹ̀lì máa ń bá síńkì jà: ohun tó bá yọ jáde láàárín àwọn méjèèjì ló ń lọ dí asẹ́ ẹ́ńjìnnì katakata. Mo sì tún yẹ ìdí táńkì àti ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ wò, torí ìsàlẹ̀ ni omi máa ń dúró sí, ibẹ̀ ló sì ti ń dógùn-ún láti inú wá.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń jó irin ní ká gé ilẹ̀kùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ lè yá. Mo kọ̀. Táńkì tí epo ti tán nínú ẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí ìyókù epo tó lẹ̀ mọ́ ara irin ń di afẹ́fẹ́ tó ń gbiná, àyè sì wà nínú ẹ̀ fún un láti pàdé afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Lóòótọ́, dísẹ́ẹ̀lì kò dà bíi pẹtiróòlù tó lè gbiná kódà nínú òtútù. Ó gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 50 Celsius lọ kí iná tó lè ràn án. Ìyẹn ló ń mú káwọn kan fojú di í. Àmọ́ kí ni 50 lójú iná tí wọ́n fi ń gé irin? Kò sí gígé, kò sí jíjó, kò sí sìgá nítòsí. Mi ò sì wọ inú ẹ̀, mi ò tilẹ̀ ki orí bọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ epo wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń jókòó sí, ẹni tó bá wọlé lè dákú kó tó mọ̀, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé e láti gbà á là lè ṣubú tì í.

Ìta ni mo ti ṣe gbogbo iṣẹ́. Mo gbé orí táńkì sókè díẹ̀ kí gbogbo nǹkan lè ṣàn sí apá ẹnu ẹ̀rọ, mo sì fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú dúróòmù. Mo bu díẹ̀ sínú ìgò, mo jẹ́ kó silẹ̀. Epo wà lókè, omi wà nísàlẹ̀, láàárín wọn ni ohun dúdú kan tó ń yọ̀, tó ń rùn. Ohun abẹ̀mí ni o! Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, pẹ̀lú oríṣi olú kéékèèké, inú omi ni wọ́n ń gbé, epo ni wọ́n ń jẹ, kíkan tí wọ́n sì ń tú jáde ń jẹ irin. Bí kò bá sí omi, wọn kò lè gbé níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé omi gan-an ni mò ń bá jà, ìdọ̀tí kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Àwọn kan ń fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ẹ má dán an wò. Omi gbígbóná, ọṣẹ tó ń gé ọ̀rá, búrọ́ọ̀ṣì onírun ike tó ní igi gígùn, àti omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára láti ẹnu róbà: ìyẹn tó. Fún ìpẹtà, mo da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi sínú ẹ̀, àwa méjì sì yí i síwá sẹ́yìn títí ó fi já. Mo tún ń fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jò, mo fi omi kún un bámú, mo gbé e lé bíríkì gbígbẹ mọ́jú. Èyí sàn ju afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú ẹ̀ lọ, nítorí bí irin bá bẹ́ pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ó lè ṣeni léṣe. Omi ìdọ̀tí àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, inú dúróòmù tó ní ìdérí ni mo kó wọn sí títí àwọn tó ń kó òkú epo fi wá gbé e. N kò jẹ́ kó kan ilẹ̀ tàbí gọ́tà.

Gbígbẹ ló gba sùúrù. Gbogbo ihò ni mo ṣí, mo sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bó ṣe gbẹ, mo da dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sí i, mo yí i kó lè kan gbogbo ara irin, kó má baà dógùn-ún padà. Mi ò kun inú, torí ọ̀dà lásán máa ń bó nínú dísẹ́ẹ̀lì. Ìta ni mo fi ọ̀dà funfun kùn kí oòrùn má baà gbóná sí i lára jù.

Mo gbé e kalẹ̀ sórí ìtẹ́lẹ̀ tó rẹlẹ̀ díẹ̀ lápá kan. Ẹnu ẹ̀rọ ìfomijáde wà ní apá ibi tó rẹlẹ̀. Páìpù tó ń gbé epo jáde wà ní apá kejì, ó sì ga díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ihò tí táńkì fi ń mí ní àwọ̀n lẹ́nu. Asẹ́ tó ń ya omi sọ́tọ̀ ni mo fi síwájú róbà. N kì í kún un ju ìdá 95 nínú 100 lọ, nítorí epo máa ń wú bó bá gbóná. Asẹ́ àkọ́kọ́ tètè dúdú, bí mo ti rò, mo sì pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo kàn ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti tú ìwọ̀nba omi tó bá ti kó jọ sínú ìgò, kí n tó tún da epo tuntun sí i.