Irin Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò, Kí Ẹ Tó Gbé Fítámì C Mì
Ìtọ́sọ́nà fún olóko àti ìdílé tí porphyria ń bá fínra

Àṣìṣe kan náà là ń rí lemọ́lemọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ á lé ròrò, awọ á máa bó bí ọkọ́ bá kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ìtọ̀ á sì pọ́n dúdú. Ará ilé á ní ẹ̀jẹ̀ ló tán lára rẹ̀. Wọ́n á ra oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fi fítámì C hóró 1,000 mìlígíráàmù tì í lẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́! Irin, ìyẹn èròjà iron tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ló kún inú oògùn ẹ̀jẹ̀, irin yìí gan-an ló sì ń mú àìsàn náà le. Fítámì C tún ń ran irin lọ́wọ́ láti gba ìfun wọ ara.

Porphyria cutanea tarda là ń sọ, irú porphyria tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀dọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: àṣẹ́kù ohun tí ara fi ń ṣe heme, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n, á máa kó jọ, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á sì bá a lábẹ́ awọ.

A ò sọ pé fítámì C kò wúlò. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yìí wò, fítámì C ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lọ sílẹ̀. Lára eku tí kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, àṣẹ́kù náà dín kù nígbà tí wọ́n fún un tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí irin ti kún ẹ̀dọ̀ eku, fítámì C kò ta pútú.

Nítorí náà, ẹ ní kí dókítà wọn ferritin yín, èyí tó ń fi bí irin ṣe pọ̀ tó lára hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Tí irin bá pọ̀, wọ́n sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ bí 450 mílílítà jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, títí ferritin á fi wá sí nǹkan bí 20 nánógíráàmù nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Àwọn mìíràn ń gba hydroxychloroquine, oògùn kan tí wọ́n tún ń lò fún ibà, 100 mìlígíráàmù, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀. Ẹ má fi kún un. Ìwọ̀n ńlá ń ṣe ẹ̀dọ̀ wọn léṣe. Ẹ fi ọtí àti sìgá sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú C.

Ní ti fítámì C, 90 mìlígíráàmù lóòjọ́ tó ọkùnrin, 75 tó obìnrin. Ẹni tí kò tíì jáwọ́ nínú sìgá, kó fi 35 kún un. Ọsàn kan tó mọ níwọ̀n ní nǹkan bí 70. Ọsàn méjì ti tó! Kí lẹ fẹ́ fi ìkúnwọ́ hóró ṣe?

Aṣọ alápá gígùn, ìbọ̀wọ́ àti akẹtẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ lọ sóko. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣe ìjàǹbá yìí ń gba inú gíláàsì kọjá, ìpara oòrùn lásán kì í sì í dá a dúró.

Bí inú bá ń run ẹnì kan burúkú, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń rọ, irú porphyria mìíràn lè ni. Fítámì C kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó gbààwẹ̀.

Ó ku ti irúgbìn. Láàárín 1955 sí 1959, ní gúúsù ìlà-oòrùn Tọ́kì, àwọn èèyàn jẹ wíìtì tí wọ́n ti fi hexachlorobenzene, oògùn tí kì í jẹ́ kí irúgbìn hu èbu, pa lára fún gbígbìn. Ó ju 3,000 lọ tí porphyria mú, ọ̀pọ̀ ọmọ ọwọ́ tó mu ọmú ìyá wọn sì kú. Irúgbìn tí wọ́n bá ti fi oògùn pa, ẹ má fọ̀ ọ́ jẹ, ẹ má fún adìẹ. Ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, lọ́tọ̀ sí oúnjẹ.