Bí Mo Ṣe Sọ Spruce Orí Àpáta Di Bonsai

Ẹ̀ka spruce, igi ilẹ̀ olótùútù tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, kì í gbàgbé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi waya wé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á gbà fún yín. Bẹ́ ẹ bá tú waya kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra gbéra padà síbi tó ti wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan tó ń ṣe bonsai, ìyẹn igi tí wọ́n ń tọ́ sínú ìkòkò kó lè kéré síbẹ̀ kó jọ igi ńlá, fi máa ń yẹra fún un. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe tọ́ ọ̀kan tí mo hú lórí òkè, torí mo gbà pé ẹni tó bá ti mọ ìwà igi yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì tẹ̀ lé ìwà náà ṣètò iṣẹ́ rẹ̀, igi náà kò ní já a kulẹ̀.

Igi ọ̀hún kò ga ju orúnkún lọ, àmọ́ ìdí rẹ̀ ki tó ọrùn ọwọ́, èèpo rẹ̀ sì ti ń ṣí ní ìpẹ́ ìpẹ́, ohun tí ẹ kò ní rí lára igi tí kò tíì dàgbà. Inú kòtò àpáta kan ló hù sí, níbi gíga tí yìnyín ti máa ń bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún. Ìwúwo yìnyín yẹn ló fa àwọn ẹ̀ka rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kan ti kú, ó ti gbẹ, ó sì ti funfun. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ kí n tó gbé ohun èlò lọ síbẹ̀. Igi tí wọn ò bá yọ̀ǹda fúnni, kéèyàn fi í sílẹ̀ ni.

Gbòǹgbò rẹ̀ ló jẹ́ kí n yàn án láàárín àwọn tó yí i ká. Mo di ara igi náà mú, mo rọra mì ín. Bó ṣe ń mì ni gbogbo ilẹ̀ inú kòtò náà ń bá a mì, àti mọ́ọ̀sì, ewéko kéékèèké tó bo orí ilẹ̀ ọ̀hún bí ẹní. Ìyẹn fi hàn pé gbòǹgbò rẹ̀ kò ríbi lọ, inú kòtò yẹn náà ló ká jọ sí. Òmíràn tó wà nítòsí rẹwà jù ú lọ, àmọ́ nígbà tí mo mi ìyẹn, ara igi nìkan ló mì, ilẹ̀ ò mira. Gbòǹgbò tirẹ̀ ti wọnú sísán àpáta lọ jìnnà, ẹni tó bá sì gé e níbẹ̀ ti pa á nìyẹn.

Ohun kan wà nípa spruce tó máa ń wú mi lórí: ẹ̀ka rẹ̀ tó bá fara kan ilẹ̀ lè ta gbòǹgbò. Ọ̀kan wà lórílẹ̀-èdè Sweden tí wọ́n ń pè ní Old Tjikko. Èyí tó dúró lókè kò tíì pẹ́ púpọ̀, àmọ́ àyẹ̀wò carbon, èyí tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ohun àtijọ́, tí wọ́n ṣe fún àjẹkù gbòǹgbò tó wà lábẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 9,500 ọdún. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kan lára igi tèmi náà ti rì sínú mọ́ọ̀sì, ó sì ti ta gbòǹgbò tirẹ̀. Mi ò gé e nígbà tí mo ń hú igi náà; gbòǹgbò yòówù tó bá wà, mo fẹ́ kó bá a délé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ni mo hú u, nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́, tí ojú ìhù rẹ̀ kò sì tíì wú. Mo fi ọ̀bẹ gígùn yí etí kòtò náà po, mo gé ìwọ̀nba gbòǹgbò tó yọ jáde, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ lódindi pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ má gbọn ilẹ̀ yẹn dà nù. Olú tín-ín-tín tó ń bá gbòǹgbò spruce gbé, tó ń bá a fa omi àti oúnjẹ, inú ibẹ̀ ló wà. Mo fi mọ́ọ̀sì tútù wé ìdí rẹ̀, mo fi aṣọ àpò tó rin dì í, mo sì bò ó kí atẹ́gùn má bàa gbẹ ewé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àpótí pákó tó fẹ̀ díẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ ni mo gbìn ín sí, kì í ṣe ìkòkò. Òkúta pumice wẹ́wẹ́, òkúta fífúyẹ́ tó ní ihò lára, tí mo ti sẹ́ eruku rẹ̀ kúrò ni mo rọ yí i ká. Lẹ́yìn náà, mo fi waya dè é mọ́ àpótí náà gbagidi tí kò fi lè mì rárá, torí ẹnu gbòǹgbò tuntun rọ̀ gan-an, bí atẹ́gùn bá ń mi igi, ṣe lá máa ṣẹ́ bó ṣe ń yọ. Mo gbé e síbi tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń kàn án, tí ti ọ̀sán ò sì ní jó o, mo sì ń fín omi sí ewé rẹ̀ lára.

Omi bíbu ló gba àkíyèsí jù. Ilẹ̀ àtijọ́ tó wà láàárín máa ń mú omi dání pẹ́, pumice tó yí i ká sì máa ń tètè gbẹ. Ẹni tó bá ń wo ojú òkè nìkan kò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Mo ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ àárín ilẹ̀ àtijọ́ náà, mo sì fi sílẹ̀ síbẹ̀. Kí n tó bomi, màá fà á yọ, màá fi kan ẹ̀yìn ọwọ́. Bó bá ṣì tutù, mi ò ní bu omi, àfi kí n fín sí etí àpótí. Spruce fẹ́ omi lóòótọ́, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ kì í fara da ilẹ̀ tó bá rin gbingbin.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò fọwọ́ kàn án. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni àwọn tó mọ̀ nípa igi téèyàn hú nínú ìgbẹ́ máa ń ní ká fi sílẹ̀, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ. Ewé tó wà lára rẹ̀ ló ń bọ́ gbòǹgbò tó ń yọ. Ẹni tó bá sáré gé ewé ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe kàlẹ́ńdà ni mo fi mọ̀ pé ó ti yá, ara igi náà ni mo wò: ọ̀mùnú rẹ̀ gùn ju ti ọdún tó ṣáájú, ó le, kò sì rọ sílẹ̀, nígbà tó sì di ìgbà ìwọ́wé, ojú ìhù tó ki pọ́pọ́ ti yọ, àní lára ẹ̀ka àtijọ́ tó wà nínú lọ́hùn-ún.

A máa ń sọ pé láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èyí ti dàgbà kó tó bọ́ sọ́wọ́ mi, torí náà mo kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Mo wa ilẹ̀ ojú òkè kúrò ní ìdí rẹ̀ títí mo fi rí ibi tí gbòǹgbò ti fẹ̀ jù lọ. Mo fi pákó há abẹ́ àpótí, mo dà á sọ́tùn-ún, mo dà á sósì, mo sì ń yí i. Ibi tí mo wá fi ṣe iwájú ni ibi tí ara tó ti kú náà ti hàn láti ẹ̀gbẹ́, tí kò dojú kọ èèyàn tààrà, tí orí igi sì tẹ̀ díẹ̀ síhà ẹni tó ń wò ó.

Spruce máa ń yọ ẹ̀ka mẹ́ta mẹ́rin lójú kan náà. Bẹ́ ẹ bá fi gbogbo wọn sílẹ̀, ibẹ̀ á wú, wíwú náà ò sì ní lọ mọ́. Mo dín wọn kù, àmọ́ mi ò mú tó ìdá kan nínú mẹ́ta ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan lára èyí tí mo mú kúrò, mi ò gé wọn mọ́ ara igi. Mo fi ẹ̀mú tẹ èèpo wọn fọ́, mo bó o, mo wá fi ẹ̀mú kan náà fa igi inú rẹ̀ ya ní fọ́nrán fọ́nrán kó lè jọ ohun tí ìjì ṣẹ́. Ọ̀bẹ kì í fúnni ní irú ojú yẹn. Nígbà tó gbẹ, mo fi omi lime sulfur, oògùn olómi tí wọ́n fi ẹfun àti imí ọjọ́ ṣe, kùn ún níta gbangba, torí òórùn rẹ̀ le, mo sì bo ilẹ̀ kó má kán sí i. Bí ó bá ṣe ń gbẹ ló ń funfun, kì í sì í jẹ́ kí igi náà tètè jẹrà.

Nígbà tí ìgbà òtútù ń lọ sópin ni mo tẹ àwọn ẹ̀ka. Waya kọ́pà ni mo lò, torí ó máa ń di ẹ̀ka mú ju alumíníọ̀mù lọ, agbára yẹn sì ni spruce ń fẹ́. Waya tó ki tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn ẹ̀ka ni mo yàn, mo sì wé e ní ìdagun, bí ìwọ̀n dígírì 45. Fún àwọn tó nípọn, mo kọ́kọ́ fi ìko tí mo ti rẹ sómi wé wọn típẹ́típẹ́ kí èèpo má bàa là.

Ibi tí ẹ̀ka ti so mọ́ ara igi gan-an ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọ́kọ́ gbéra sókè kó tó wá tẹ̀ wálẹ̀, ojú rẹ̀ ò ní jọ ti igi tí yìnyín ti fà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo fi àtàǹpàkò méjèèjì ti ibi tó ń tẹ̀ náà lábẹ́, mo ń sọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fetí sí i. Bí fọ́nrán inú rẹ̀ bá ti dún tín-ín péré, màá dúró síbẹ̀. Àwọn tó nípọn jù, waya ìdè ni mo fi fà wọ́n: mo fi rọ́bà tẹ́ abẹ́ rẹ̀, mo so orí waya kejì mọ́ ibi tó ti kú lára igi náà, mo sì ń lọ́ ọ díẹ̀ sí i bí oṣù ṣe ń lọ. Irú waya yìí lè wà níbẹ̀ pẹ́ láìwọ ẹran igi yíká. Fún spruce, èmi gbà pé òun ló dáa jù.

Àwọn ẹ̀ka kéékèèké, mo fi waya dé ṣóńṣó wọn, mo tẹ́ wọn pẹrẹsẹ, mo sì gbé ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan sókè díẹ̀. Ewé tó kọjú sísàlẹ̀ ni mo fa tu, kí abẹ́ ẹ̀ka lè mọ́ kí ìmọ́lẹ̀ sì ráyè wọnú.

Ìrúwé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọ̀mùnú bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀ tó ń gùn, mo já ìdajì àwọn tó lágbára lórí, mo sì fi àwọn aláìlera ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni agbára ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Nígbà ooru, mo máa ń gbọn ẹ̀ka sórí bébà funfun. Bí nǹkan kékeré kan bá ń rìn lórí rẹ̀, kòkòrò spider mite nìyẹn, màá sì fi omi fọ ewé náà dáadáa títí kan abẹ́ rẹ̀.

Ìparí ìgbà ooru ni ẹ̀ka máa ń nípọn sí i, ìgbà yẹn ni waya sì máa ń wọ̀ ọ́ lára. Mo gé waya náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò tú u. Ẹ̀ka náà sì ṣe bí ìṣe rẹ̀, ó gbéra díẹ̀. Mo fi waya tuntun wé e, mo gba ojú ọ̀nà mìíràn kó má bàa wọ ojú ọgbẹ́ àkọ́kọ́, mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ju ibi tí mo fẹ́ kó dúró sí gan-an lọ, nítorí pé mo mọ̀ pé yóò tún gbéra. Lẹ́yìn wíwé kejì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tó gbà láti dúró. Ti ẹ̀ka iwájú lápá òsì ṣì wà nínú waya.

Ìkòkò amọ̀ tí kò ní dídán, aláwọ̀ ilẹ̀, tí kò jìn, ni mo gbé e sí níkẹyìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé. Ìdajì ilẹ̀ àtijọ́ ni mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ wú kúrò, ẹ̀gbẹ́ kan nìkan. Ìdajì kejì mo fi sílẹ̀ kó máa bọ́ igi náà. Ó ń hù dáadáa. Bí gbòǹgbò bá ti kún ẹ̀gbẹ́ tuntun náà, màá wú èyí tó kù.