Ìrírí mi: Ọ̀nà Umuahia, àwọn ọkọ̀ òfurufú ogun, àti òrí tí kò sí nínú àdéhùn

Owó tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn òbí fún ìrìn-àjò ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ọ̀fà yẹ kí ó gbé wa dé Umuahia, kí ó gbé wa padà, kí ó sì tún ṣẹ́ kù. Kò tó rárá. Kì í ṣe epo bẹntiróòlù ló jẹ ẹ́, kì í sì í ṣe owó ìwọlé. Òrí ni, òrí tí a fi ń para, tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí mo háyà gbà lọ́wọ́ oníṣòwò kan pé òun yóò bá a gbé dé Benin, tí ó sì tò sórí ọkọ̀ tí èmi ti san owó rẹ̀ pé.

National War Museum, mùsíọ́ọ̀mù ogun tó wà ní Umuahia, ni à ń lọ. Ọ̀gágun Tunde Idiagbon, ọmọ Ìlọrin, ló ṣí i ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1985, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí síwájú nínú lẹ́tà tí mo kọ sí ọ̀gá àgbà wa, nítorí pé ohun tó bá ti kan ọmọ Kwara kì í pẹ́ rí ìbuwọ́lù. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ sí Ìlọrin máa ń rí àwọn ọkọ̀ òfurufú kéékèèké tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ International Aviation College fi ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni wọ́n ti ń rí wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n dúró ti ọ̀kan, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe kàn án pọ̀.

Èyí tí mo ní lọ́kàn jù lọ ni MFI-9B, ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Björn Andreasson, ará Sweden tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ló yàwòrán rẹ̀ tí ó sì kàn án fúnra rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́; BA-7 ni orúkọ èyí àkọ́kọ́, ó sì fò ní ọdún 1958. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ kan ní Malmö bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ní ọdún 1969, Carl Gustaf von Rosen, awakọ̀ òfurufú ará Sweden, kó márùn-ún wá fún Biafra, wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà mẹ́fà sábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fò wálẹ̀ gan-an lókè igi kí ẹnikẹ́ni má baà tètè rí wọn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju agbára ẹṣin 100 lọ, èyí tí kò tilẹ̀ tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ọ̀gá àgbà wa ń gbé wá sí ilé ẹ̀kọ́.

Lẹ́tà, fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda àwọn òbí àti ètò oúnjẹ kò nílò àlàyé. Olùkọ́ tó bá ti kó ọmọ jáde rí mọ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni a gbéra. Mo rí i pé wọ́n ta tàpólì bo nǹkan lórí ọkọ̀, mo sì béèrè. Awakọ̀ náà, àgbàlagbà tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájì, dáhùn pé táyà àti jáàkì ni. Oòrùn kò tíì mú nígbà náà, nítorí náà kò sí ohun tí ó tú àṣírí rẹ̀. A ti kọjá Àkúrẹ́ kí ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó pariwo pé òjò ń rọ̀ sí òun lára. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo wo èjìká rẹ̀, mo rí nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń ràn lára aṣọ ilé ẹ̀kọ́ funfun náà, mo sì gbóòórùn rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Òrí ti yọ́ nínú àwọn báàfù tó wà lókè, ó ń gba etí orí ọkọ̀ ṣàn wọlé.

“Tíṣà, ẹ má bínú,” ni Àlàájì wí, “nǹkan díẹ̀ ni, ojú ọ̀nà wa náà ló wà.”

Kò sí lójú ọ̀nà wa. Nígbà tí a dé Benin, ó yà kúrò lójú títì, ó wọ àárín ọjà, ó sì páàkì síbi tí a kò ti lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Fóònù ẹni tó fẹ́ gba ẹrù kò lọ. A dúró. Àwọn ọmọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán wọn tán, wọ́n tún jẹ èyí tí mo fi pamọ́ fún ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ìyá tó ni ẹrù dé níkẹyìn, ó ti ọwọ́ bọ inú báàfù kan, ó fi ìka méjì ra òrí náà, ó sì ní iyanrìn ti wọ̀ ọ́, òun kò ní san iye tí àwọn jọ sọ. Àlàájì náà ní òun kò ní sọ ọ̀kankan kalẹ̀ bí òun kò bá gba owó òun pé. Báyìí ni èmi, olùkọ́ físíìsì tó san owó bọ́ọ̀sì, di ẹni tó ń dájọ́ láàárín awakọ̀ àti oníbàárà lórí ọjà tí kò kàn mí. Èmi náà ló là wọ́n: mo ní kí ìyá yọ báàfù méjì tí iyanrìn wọ̀ kúrò, kí ó san ti ìyókù. Àwọn méjèèjì kò dúpẹ́.

Ohun tí inú mi dùn sí ni pé n kò jẹ́ kí àkókò náà ṣòfò pátápátá. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé Port Harcourt ni àwọn ọkọ̀ von Rosen kọ́kọ́ kọlù, ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1969, àti pé ọjọ́ 24 oṣù kan náà ni wọ́n wá sí pápákọ̀ òfurufú Benin níbí. Ọmọ kan béèrè bí ọkọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè ba ọkọ̀ ńlá jẹ́. Mo ní èyí tó wà nílẹ̀ kò lè sá.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó wọ Umuahia. Mùsíọ́ọ̀mù ti tì, a sì ní láti wá òtẹ́ẹ̀lì tí yóò gba gbogbo wa. Owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ yẹn kọjá ìdajì owó tí mo fi háyà bọ́ọ̀sì. Mo fi owó ara mi kún un, mo sì gba rìsíìtì.

Ní òwúrọ̀, ibẹ̀ dára ju bí mo ṣe rò lọ. A wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí Rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀, a rí NNS Bonny, ọkọ̀ ojú omi ogun tó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ MFI-9B ni a pẹ́ sí jù. Apá rẹ̀ dà síwájú díẹ̀, mo sì ní kí àwọn ọmọ sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀kan mọ̀ ọ́n: apá náà wà ní ọ̀gangan èjìká ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, tí kò bá sì dà bẹ́ẹ̀, ìdí apá náà ni yóò dí i lójú. Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ panẹbítà ní Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ọkọ̀ náà, ó ń wo bí ìṣó rífẹ́tì ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, ó sì ní, “Sà, bàbá mi lè ṣe èyí.” N kò jiyàn. Mo sọ ti RV-6A fún un, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí Richard VanGrunsven, ará Amẹ́ríkà, máa ń tà tẹ́lẹ̀ ní túútúú fún ẹni tó bá fẹ́ tò ó nílé. Òfin Amẹ́ríkà sì béèrè pé kí ẹni náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ara RV-6A yìí ni wọ́n ti mú Air Beetle jáde ní Kàdúná fún àwọn ọmọ ogun òfurufú wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́yìn èyí pọ̀ ju èyí tí wọ́n ti bi mí láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó rí i pé a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bọ́ọ̀sì kò ní gbé ẹrù ẹlòmíràn, kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ náà buwọ́ lù ú, kí ó sì ní kí wọ́n ká tàpólì kúrò níṣojú òun kí ọmọ kankan tó wọlé. Ìta gbangba ni àwọn ọkọ̀ òfurufú wà, nítorí náà kí ó tètè dé kí oòrùn tó mú. Nígbà tí a ń bọ̀, Àlàájì fẹ́ yà ra epo pupa. Iwájú ni mo jókòó, mo kàn wò ó, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ tó ni bọ́ọ̀sì dá díẹ̀ padà nínú owó òtẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn tí mo gbé rìsíìtì kalẹ̀ níwájú wọn. Wọn kò tíì san owó aṣọ ọmọ náà, èmi náà kò sì tíì yé pè wọ́n. Àwọn ọmọ ti fi ṣọ́ọ̀kì ya MFI-9B sórí kọnkéré iwájú gbọ̀ngàn, bó ṣe tóbi gan-an: mítà 7.43 láti ṣónṣó apá kan dé èkejì, mítà 5.85 láti imú dé ìrù. Apá òsì rẹ̀ dé ibi tí ìyá alákàrà máa ń jókòó sí, ó sì ti ní òun kò kúrò níbẹ̀.